Wọ́n já mi kulẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án: àgbéyẹ̀wò iléèwé tí mo ti kọ́ṣẹ́ AGACNP (NP tó ń tọ́jú àgbàlagbà tí àìsàn wọn le)

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì wá bá mi ní yàrá ìjẹun ICU wa, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, kò lè sọ̀rọ̀. Ìméèlì ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kí n tó ka ìlà kejì tán ni mo ti mọ ohun tí ìkẹta máa sọ, torí wọ́n ti kọ irú rẹ̀ sí èmi náà rí, láti iléèwé kan náà, láti ọ́fíìsì kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí lálẹ́ òní tí mi ò tíì sùn.

Tèmi wọlé ní ọjọ́ Ẹtì kan, aago 4:17 ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mo ń wá bàtà iṣẹ́ mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní preceptor, ẹni tó yẹ kó kọ́ mi níṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn, kò lè gbà mí mọ́. Wọ́n ní kí n má bínú. Wọ́n ní kí n tètè wá ẹlòmíì kí sáà ẹ̀kọ́ náà má bàa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí á wọlé. Mo ti san owó iléèwé. Mo ti bẹ ọ̀gá mi títí tí wọ́n fi dín iṣẹ́ mi kù sí alẹ́ kan lọ́sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ẹni tí mo lè pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú àtigba ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ preceptor fi le tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ di NP (nurse practitioner, nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i tó sì lè ṣàyẹ̀wò aláìsàn kó kọ oògùn fún un) fún àwọn tí àìsàn wọn le, àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, àwọn tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ń já, ìwé kíkà nìkan kò lè gbé e débẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ NP ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tún ṣe ní 2022 béèrè wákàtí 750 ó kéré tán lọ́dọ̀ aláìsàn, lábẹ́ ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹni yẹn ni preceptor. Tí kò bá sí i, kò sí wákàtí. Tí wákàtí kò bá pé, ẹ ò lè jókòó ṣe ìdánwò ANCC tàbí ti AACN, àwọn àjọ tó ń fún NP ní ìwé ẹ̀rí. Tí ẹ ò bá sì yege nínú ọ̀kan nínú wọn, másítà yín kò ju ìwé ara ògiri lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa nọ́ọ̀sì Nàìjíríà tó wà ní Texas ló máa ń gba FNP (NP fún ìdílé, tọmọdé tàgbà) lọ, torí ibi ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ kò ṣòroó rí tó báyìí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti 2008 tí wọ́n ti fẹnu kò lórí Consensus Model, ìlànà nípa ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ àwọn NP, irú aláìsàn tí èèyàn kọ́ nípa rẹ̀ ni wọ́n ń retí pé kó máa tọ́jú, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò sì fẹ́ fi FNP sí ICU mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣe FNP fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó padà lọ gba satífíkéètì mìíràn lórí másítà wọn. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n yan AGACNP tààrà.

Ọjọ́ Ajé, aago 8 àárọ̀, mo pe ọ́fíìsì ìkọ́ṣẹ́. Orin ni mo gbọ́ fún ìṣẹ́jú 43. Obìnrin tó wá gbé e pè mí ní orúkọ ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo to orúkọ mi fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó wá ní, "Óò, ìwọ nìyẹn." Mo ní ìpolówó wọn sọ pé àwọn ló máa wá ibi ìkọ́ṣẹ́ fún wa, mo ti ya fọ́tò ojú ewé náà kí n tó san kọ́bọ̀. Ó ní ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ṣèlérí. Mo ní, ìrànlọ́wọ́ wo lẹ wá ṣe? Ó ní wọ́n ti fi ìméèlì ránṣẹ́ sí mi.

Kí iléèwé tó lè fi akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé ìwòsàn kan, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Lọ́yà á kà á, ọ̀rọ̀ ìbánigbófò á wọ̀ ọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba oṣù. Ká ní ọmọ ìyá mi gan-an ni ọ̀gá ICU níbì kan, wọn ò lè parí ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Obìnrin yẹn mọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Síbẹ̀ ó ní kí n lọ wá ẹnìkan.

Mo kọ ìméèlì 31 láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni mẹ́rin ló dáhùn, gbogbo wọn ní àyè ti kún. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá akẹ́kọ̀ọ́ wá preceptor. Wọ́n ní kí n mú owó tó lé ní dọ́là 2,000 wá fún sáà kan ṣoṣo. Mo ti mú káàdì báǹkì mi jáde.

Àǹtí kan tó jẹ́ NP lálẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. "Àbúrò mi, kí ló dé? Lọ bọ́jú, kó o wá jókòó." Àwọn fúnra wọn kò lè gbà mí, torí iléèwé wa kì í jẹ́ kí èèyàn kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tó ti ń gbowó oṣù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Má kọ̀wé sí ọ́fíìsì yẹn mọ́. Olórí ètò ni kó o kọ ọ́ sí. Má bú ẹnikẹ́ni. Kọ déètì, kọ aago, fi fọ́tò yẹn sí i." Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Aago 3 òru la jọ kọ ọ́. Mo kọ "ẹ jọ̀ọ́" síbi mẹ́ta, wọ́n pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, olórí ètò pè mí fúnra wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, obìnrin tó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn ní ICU. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, ṣé mo ti jẹun lónìí? Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ jẹun, àwọn á dúró lórí fóònù. Wọ́n dúró lóòótọ́. Mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà àná, wọ́n ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan abọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní iléèwé ló jẹ̀bi, wọn ò sì fi àwáwí kankan tì í. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti rí àyè fún mi ní ilé ìwòsàn kan tí àdéhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀, máìlì 52 sílé mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wa ọkọ̀ lọ tí mo fi wà á bọ̀, mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀.

Torí tó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mi ò tíì rí irú àwọn olùkọ́ yẹn rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kí wa káàbọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ń sọ ìtàn Loretta Ford àti Dókítà Henry Silver tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ NP ní Yunifásítì Colorado ní 1965. Mo nawọ́, mo ní ọdún yẹn gan-an ni Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí mo ti kàwé, dá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yíjú padà, wọ́n kọ "Ìbàdàn" sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Colorado. Ẹnikẹ́ni ò pa á rẹ́ títí a fi túká.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn. Ọmọláńgidi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ultrasound tó ń fi inú ara hàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń hàn bí ihò dúdú lójú ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n rọra tẹ ẹ̀rọ náà mọ́ ọrùn: èyí tó bá tẹ̀ pẹlẹbẹ ni mò ń wá, èyí tó bá dúró tó ń lù kìkì ni mi ò gbọdọ̀ gún. Wáyà ló máa ń ṣáájú ọ̀pá wọlé. Mo fi wáyà sílẹ̀ kí n lè mú gọ́ọ̀sì, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n tú gbogbo ẹ̀ ká, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọwọ́ fífọ̀, torí wáyà tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lè gba inú iṣan wọ ọkàn aláìsàn lọ. Ìgbà méje ni mo ṣe é lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ń ṣe ìkeje, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn yòókù ti lọ, wọ́n ṣì dúró tì mí, wọn ò wo aago.

Preceptor tí wọ́n wá fún mi náà, ọmọ Philippines kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lálẹ́ kejì tí mo débẹ̀, wọ́n gbé bàbá kan wọlé, kòkòrò àrùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ ń já. Mo kọjú sí preceptor, mo ní, "Ìfúnpá ti lọ sílẹ̀ o." Ó ní, "Mo rí i. Kí lo fẹ́ ṣe?" Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ICU, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ètè mi gbẹ. Mo ní kí a gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò, kí a fún un ní oògùn apakòkòrò kíákíá, kí omi máa wọlé, tí MAP, ìyẹn ìfúnpá àárín, ò bá sì dé 65, kí a bẹ̀rẹ̀ norepinephrine, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè. Ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká kọ ọ́." Ohun tí mo wá iléèwé wá nìyẹn, ní gbólóhùn kan.

Mo yege nínú ìdánwò ANCC nígbà àkọ́kọ́, ìbéèrè 175 ní wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀. Tí ẹ bá bi mí ibi tí mo lè rán ọmọ mi lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Torí pé ilé ìwòsàn yí padà, mo ní láti tún àyẹ̀wò oògùn olóró àti ti ọlọ́pàá ṣe, owó tèmi ni mo fi san án lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n dá a padà, wọn ò fèsì. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé síbẹ̀, tàbí síbi mìíràn, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: ilé ìwòsàn mélòó ni wọ́n ti ní àdéhùn pẹ̀lú wọn nílùú yín, tí preceptor bá sì já, ta ló máa wá òmíràn, lọ́jọ́ mélòó? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, mo ti gbọ́ ọ.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo fẹ́ fi márùn-ún sílẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n náà, àmọ́ ìméèlì tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀ láti ìgbà tèmi.

Ilé ìwòsàn wa ti ní àdéhùn pẹ̀lú iléèwé náà láti ọdún tó kọjá, ọ̀gá mi sì ti fọwọ́ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, aago 7, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọbìnrin yẹn ti máa bẹ̀rẹ̀.