Ìwé ìyàwòrán aláṣọ àdìrẹ tí mo rà ní Lágere

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya nǹkan lójoojúmọ́, màmá kan wà ní Lágere, n'Ífẹ̀ níbí, tí wọ́n máa ń fọwọ́ rán ìwé ìyàwòrán fúnra wọn, àdìrẹ ni wọ́n fi ń bò ó, ó sì rẹwà gan-an. Rírán yẹn ló wù mí jù o, òwú tí wọ́n ti fi ìda pa ni wọ́n ń lò, wọ́n á ká pépà ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, wọ́n á wá rán gbogbo ẹ̀ pọ̀, tórí náà tẹ́ ẹ bá ṣí i, ó máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ lè ya àwòrán kan kọjá ojú ewé méjèèjì láìsí wàhálà. Mo gbé tèmi lọ sí mùsíọ́mù Ẹnuwá, mo fi pẹ́ńsù 4B, èyí tó rọ̀ tó sì dúdú, ya ère orí alámọ̀ kan tó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, gbogbo ilà yẹn ló hàn ketekete, mo fi rọ́bà pa á léraléra, pépà ò fà ya. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀dà olómi lẹ fẹ́ lò, ẹ má rà á jàre, ṣe ni pépà ẹ̀ máa wú. Mo ti bẹ màmá pé kí wọ́n wá pépà tó nípọn, wọ́n sì gbà. Owó ẹ̀ ò wọ́n rárá.