Ilé ìtọ́jú ọmọ kan lẹ́bàá ọjà Wándò, l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo): ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára, ẹnu ọ̀nà ló ń kó bá wọn

Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 3 ni wọ́n ń gbà. Yàrá mọ́, omi wà, ẹní ọmọ kò há mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá lẹ kọ́kọ́ máa wò.

Nǹkan bí oṣù 8 ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í figbe ta bí ìyá bá ti dìde. Láàárín oṣù 10 sí 18 ló máa ń le jù, kó tó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́. Ọmọ ti mọ̀ pé ìyá òun wà níbì kan, kò tíì mọ̀ pé á padà.

Ètò tí wọ́n ń pè ní ti Berlin, ní Jámánì, ni wọ́n ń lò. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ìyá á bá ọmọ jókòó nínú yàrá fún bíi wákàtí kan, kò ní jáde rárá. Ọjọ́ kẹrin ló máa kọ́kọ́ jáde, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Bí tata, ìyẹn obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ níbẹ̀, kò bá lè rẹ ọmọ lẹ́kún kíákíá, wọ́n á pe ìyá wọlé, ó di ọjọ́ keje kí wọ́n tó tún dán an wò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́rú o: ọjọ́ kẹrin á bọ́ sí ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ọmọ ti fi ọjọ́ méjì gbáko wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Tata kan náà ló ń gba ọmọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, èyí sì dára púpọ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Wọ́n ń pààrọ̀ tata, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á sì máa sọ fún àwọn ìyá pé, "Ẹ yọ́ lọ kó tó rí yín." Ọmọ tí ìyá bá yọ́ fi sílẹ̀ á di olùṣọ́: kò ní ṣeré, kò ní sùn, bí zémidjan (ọ̀kadà) bá sì ti ya sí àdúgbò náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á ti di ìró ìyá rẹ̀ mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ní, "Bí o bá jí lójú oorun ọ̀sán, màá dé." Ẹ fi lé tata lọ́wọ́, ẹ máa lọ, ẹ má yíjú padà. Kò yẹ kó tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti ró, tí ẹ kò tíì fọ̀, sílẹ̀ fún un.

Wọ́n tún máa ń yangàn pé ọmọ "ti dákẹ́." James Robertson, tó ṣàkíyèsí àwọn ọmọ tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé lẹ́yìn igbe, ìrẹ̀wẹ̀sì ló máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ bi wọ́n bóyá ó jẹun, bóyá ó ṣeré, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń sáré pàdé yín nírọ̀lẹ́.

Bí ìbẹ̀rù pé ìyá ń lọ bá ju ọjọ́ orí ọmọ lọ, tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 4, tí kò jẹ́ kó sùn tàbí kó lọ sílé ìwé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe gbogbo wọn, àmọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu àìbalẹ̀ ọkàn àti ìpayà òjijì ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tó bá dàgbà.

Ẹ lè gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní kí tata àkọ́kọ́ yẹn máa gbà á fún oṣù kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ́ lọ, ẹ má gbà.