Ọkọ̀ dísù n'Ìbàdàn: ta ló ń gbè, ta ló sì máa ná lówó?

Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ èèyàn n'Ìbàdàn ló ń ṣírò owó epo kí wọ́n tó ṣíná sí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dísù ti tún gbérí. Wọ́n á ní Bẹ́ńsì dísù lágbájá lọ Èkó, ó bọ̀, ọwọ́ gééjì epo rẹ̀ kò tíì já dé ìdajì. Òótọ́ ni, kò sí àsọdùn níbẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ọn ni pé ọkọ̀ kan náà tó ń gbe ẹni tó ń lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lè sọ ẹni tí kì í rìn kọjá Bódìjà sí Dùgbẹ̀ di oníbàárà mẹkáníìkì.

Lítà dísù kan ní agbára ju lítà bẹntiróòlù kan lọ, ó fi nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún jù ú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel ará Jámánì gbé jáde ní 1897 kì í lo pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí á fi gbóná débi pé bí epo bá ṣe ń fọ́n sínú rẹ̀ ló ń gbiná. Bẹntiróòlù ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 9 sí 12. Ti dísù máa ń wà láàárín 15 sí 20, ibẹ̀ sì ni èrè rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìwó Road, epo tí dísù ń mu kéré gan-an sí ti bẹntiróòlù.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ìbàdàn sí Èkó tó nǹkan bí kìlómítà 127, ká pe àlọ àtàbọ̀ ní 250. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.0 máa ń mu nǹkan bí lítà 9 ní kìlómítà 100. Irú rẹ̀ tó ń lo dísù á mu bíi lítà 6. Lítà 22.5 rèé, lítà 15 rèé. Ká fi bẹntiróòlù sí 900 náírà, ká fi dísù sí 1,100, kí ìṣírò lè yá (iye tó wà lójú pọ́ǹpù lónìí ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀). Bẹntiróòlù gba 20,250, dísù gba 16,500. Èrè ìrìn kan jẹ́ 3,750. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóṣù ti rí 30,000. Ẹ wá wo ẹni tó ń rin kìlómítà 600 lóṣù láàárín ìlú, tí bẹntiróòlù ń mu lítà 10 ní kìlómítà 100 tí dísù ń mu 7: 54,000 sí 46,200. Èrè rẹ̀ ò ju 7,800 lóṣù. Nọ́súlù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) kan péré tó bá bàjẹ́ á gbé èrè ọ̀pọ̀ oṣù lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí dísù ò ní gbè yín mọ́, ẹ fi lítà dísù pín lítà bẹntiróòlù. 9 tí a fi 6 pín jẹ́ 1.5. Bí iye dísù kò bá tíì tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye bẹntiróòlù, owó epo ṣì ń gbè yín. Ní 2022, dísù kọjá 700 náírà nígbà tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún bẹntiróòlù kò tíì tó 200. Kò sí ọkọ̀ dísù tó lè gbe èèyàn nígbà yẹn, bó ti wù kó má mu epo tó.

Ọ̀rọ̀ epo gan-an ló gba sùúrù, torí epo ló ń ba ọkọ̀ dísù jẹ́ jù nílẹ̀ yìí. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ọ́ìlì fún pọ́ǹpù àti nọ́súlù. Bí wọ́n bá fi kẹrosíìnì là á, ó gbẹ, irin á máa jẹ irin. Ẹ́ńjìnnì common rail (irú èyí tí páìpù kan ń pín epo fún gbogbo nọ́súlù) sì ń ti epo gba inú ihò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju fọ́nrán irun lọ, pẹ̀lú agbára tó lè tó bar 1,300 sí 2,000. Táyà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ dáadáa kò ju bar 2 àti díẹ̀ lọ. Ìyẹn ló fà á tí omi ẹ̀kán kan tàbí iyanrìn tí ojú ò rí fi ń pa nọ́súlù.

Kí ẹ tó fi ilé epo kan ṣe ibi ìràjà yín, ẹ fi ìgò funfun gba bí ìdajì lítà níbẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tí nǹkan ò ti ní mì ín di ọjọ́ kejì. Dísù tó dára mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin tí wọ́n fi omi là. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó pààlà nísàlẹ̀ ìgò. Bó bá ṣú bí omi àgbo, ẹ má padà síbẹ̀. Ilé epo tí àwọn onítírélà ń tò sí dára ju èyí tí dísù rẹ̀ ń pẹ́ nínú ilẹ̀ kó tó tán. Bí ẹ bá sì bá ọkọ̀ agbépo níbẹ̀ tó ń tú epo sílẹ̀, ẹ kọjá lọ. Ó ti ru gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ táǹkì wọn sókè.

Lábẹ́ fítà dísù ni ìdè kékeré kan máa ń wà fún omi. Lásìkò òjò, ẹ máa tú u ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ike funfun sábẹ́ rẹ̀, ẹ yí ìdè náà díẹ̀, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ fún pọ́ǹpù kékeré tó wà lórí fítà. Omi wúwo ju dísù lọ, òun ló máa kọ́kọ́ jáde, ẹ ó rí i tó ń yí roboto nísàlẹ̀ ike bí ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ epo. Nígbà tó bá ku dísù nìkan, ẹ dè é padà, ẹ tún máa fún pọ́ǹpù náà títí á fi le lọ́wọ́, kí ẹ tó ṣíná. Ìwé ọkọ̀ lè ní kí ẹ pààrọ̀ fítà ní kìlómítà 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí, 10,000 ni kó mọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Irú ọkọ̀ dísù wo ló wá bá epo wa mu? Àwọn àtijọ́ bíi Bẹ́ńsì 190D àti 250D, tàbí Píjò 505 dísù, kò ní kọ̀ǹpútà kankan tó ń darí epo. Ẹ́ńjìnnì 250D yẹn, sílíńdà márùn-ún, ṣéènì ló wà nínú rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù rẹ̀ sì lè fara da epo tí yóò pa ọkọ̀ òde òní láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àléébù rẹ̀ ni pé kò yára, agbára rẹ̀ ò ju ẹṣin 90 àti díẹ̀ lọ, bó bá ru ẹrù tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ó sì ti dàgbà: ìpẹtà àti bíréèkì rẹ̀ lè gba owó ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Èyí tí a máa ń gba èèyàn níyànjú pé kó rà ni àwọn tí wọ́n ṣe láti bíi 2000 sí 2008 tí kò ní DPF, ìyẹn fítà inú sàlẹ́ńsà tó ń kó ìdọ̀tí èéfín jọ. Toyota Hilux 2.5 D-4D, Volkswagen Golf tàbí Passat 1.9 TDI, Píjò 406 HDi wà lára wọn. Wọn kì í mu epo, tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì) ń fún wọn lágbára, mẹkáníìkì tó mọ̀ wọ́n sì wà. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Píjò ṣá, torí láti 2000 ni wọ́n ti ń fi DPF sí àwọn kan nínú ọkọ̀ wọn. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ wò kí ẹ tó san owó. Ẹni tó bá ra 1.9 TDI oní-nọ́súlù-pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ wá ọ́ìlì tí nọ́ńbà 505 01 wà lára rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ káàmù rẹ̀ á jẹ tán.

Àwọn tó jáde lẹ́yìn 2009 ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Epo tí wọ́n ṣe wọ́n fún kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 10 imí-ọjọ́ nínú kìlógíráàmù kan. Kódà òdiwọ̀n tí ECOWAS fẹnu kò lé lórí ní 2020 fún epo tó ń wọlé jẹ́ 50. DPF gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 600°C kó tó lè jó ìdọ̀tí inú ara rẹ̀, ó sì ń gba ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí eré tó já gaara. Ẹni tó ń lọ láti Challenge sí Ring Road, tó ń dúró ní gbogbo oríta nítorí takisí Micra, kò lè fún un ní irú ìrìn yẹn. Yóò dí, iná á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ò ní fẹ́ sáré mọ́. Àwọn kan ń gé e kúrò, wọ́n á sì tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe. A kò fọwọ́ sí i: èéfín dúdú yẹn ni àwọn ọmọ ilé ìwé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń fà símú. Ní ti èyí tó ń lo AdBlue (omi tí wọ́n ń fọ́n sínú èéfín kó lè mọ́), ẹ má tilẹ̀ nawọ́ sí i. Bí omi yẹn bá tán, ọkọ̀ á máa ka kìlómítà tó kù, lẹ́yìn náà kò ní gbà kí ẹ ṣíná, ibi tí ẹ ó ti rí i rà kò sì pọ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wo ọkọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò bóyá ó tutù. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ mú un gbóná dè yín ní ohun tó ń fi pamọ́. Ooru Ìbàdàn máa ń bo hítà pọ́lọ́ọ̀gì (èyí tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì tútù gbóná kó lè ṣíná) tó ti kú mọ́lẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń tú u fó. Ẹ ní kí réwáyà fi mítà wọ̀n ọ́n, èyí tó dára kì í ju bíi ohm 2 lọ. Ẹ wo èéfín. Dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, bóyá fítà afẹ́fẹ́ dí tàbí ọ́ọ̀sì tọ́bò ya. Tó bá ṣe bíi aró, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tó ń rùn díẹ̀díẹ̀ bí ohun dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń wọ inú rẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Lẹ́yìn náà, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ síbẹ̀. Bó bá kàn ń gbọ̀n, kò burú. Bó bá ta dànù tí èéfín ń tú jáde, ríìnnì ti jẹ, ẹ máa lọ.

Ọ́ìlì tí lẹ́tà C bẹ̀rẹ̀ òdiwọ̀n API rẹ̀, bíi CI-4, ni ti dísù. S ni ti bẹntiróòlù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000, torí imí-ọjọ́ inú epo ń di ásíìdì nínú rẹ̀. Bó bá dúdú lọ́jọ́ kejì tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, bí dísù ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá ti Èkó dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì lè tu tọ́bò lára.

Tọ́bò tó ti jẹ lè tú ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì máa fi ọ́ìlì yẹn sáré fúnra rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ fi sí jíà tó ga jù, kí ẹ jọ̀wọ́ kúrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi ìka tàbí ọwọ́ lásán dí ojú afẹ́fẹ́.

Ẹnu pọ́ǹpù bẹntiróòlù máa ń wọ ọ̀nà táǹkì dísù wẹ́rẹ́, torí náà ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì dárúkọ dísù sókè kí ọmọ tó ń ta epo tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ó bá ti dà á, ẹ má ṣíná rárá. Ẹ ní kí wọ́n fà á jáde.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tòkunbọ̀ wa ló ń ti Amẹ́ríkà wá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dísù kò sì pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n, tí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín náà sì ṣọ̀wọ́n. Ararọmi ní Gate ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá a lọ. Ẹ má ra nọ́súlù Tòkunbọ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò lójú yín: epo gbọ́dọ̀ fọ́n bí ìkùukùu, kò gbọdọ̀ kán tótó. Nọ́súlù common rail púpọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n fín sí orí rẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n. Ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà náà kí wọ́n tó dè é wọlé.