Predict Prostate: Irinṣẹ́ Ìṣirò fún Ọkùnrin Tí Wọ́n Ní Kó Yàn Láàárín Ìtọ́jú àti Ìṣọ́

Predict Prostate jẹ́ irinṣẹ́ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Cambridge gbé kalẹ̀ ní ọdún 2019 fún ọkùnrin tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ní jẹjẹrẹ próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n tí àrùn náà kò tíì tàn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè orúkọ ẹni. NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní England, ti fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ló júwe rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń gbé ní Peckham ní London, tí èmi àti wọn sì jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà, nítorí pé dókítà ti sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà: wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè gba ìtọ́jú onítànṣán, wọ́n sì lè ní kí ilé ìwòsàn máa ṣọ́ àrùn náà láì tíì fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bí irinṣẹ́ yìí ṣe wúlò tó fún ẹni tí wọ́n bá gbé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ tiwa.

Ìbéèrè tó ń béèrè kò pọ̀. Ó ń fẹ́ mọ ọjọ́ orí ẹni, iye PSA inú ẹ̀jẹ̀ (èròjà kan tí próstéètì ń tú jáde), ìpele tí àrùn náà dé, bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe burú tó, àti bóyá àìsàn mìíràn ti gbé onítọ̀hún dé ilé ìwòsàn láàárín ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ iye èérún ẹran tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò, àti iye tí wọ́n bá jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, lè fi ìyẹn kún un. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ènìyàn ti lè kọ́kọ́ ṣìnà. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé “Gleason 3+4=7”, nígbà tí irinṣẹ́ náà ń béèrè “Grade Group”, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5; òṣùwọ̀n bí sẹ́ẹ̀lì ṣe burú tó ni méjèèjì. Wọ́n ti fẹ́ tẹ 4 kí n tó dá wọn dúró. 3+4 bọ́ sí Grade Group 2, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín 2 àti 4 kì í ṣe kékeré rárá. Ẹni tí kò bá dá lójú kó bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ kó tó tẹ ohunkóhun.

Èsì rẹ̀ ni mo yìn jù. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló fi ń gbé e kalẹ̀, nínú tábìlì, nínú àwòrán ìlà, nínú ọ̀rọ̀ lásán, àti nínú àwòrán ènìyàn kéékèèké 100 tí wọ́n kun ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí mo rò pé ó yé ènìyàn jù lọ. Ó ń sọ pé, nínú 100 ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tìrẹ, iye báyìí ni yóò ṣì wà láàyè ní ọdún mẹ́wàá àti ní ọdún márùndínlógún bí wọ́n bá kàn ń ṣọ́ wọn, iye báyìí sì ni ìtọ́jú yóò fi kún un. Ó wá ya àwọn tí jẹjẹrẹ yìí yóò pa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ohun mìíràn yóò pa. Dókítà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà ráyè ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó bá ti gbọ́ “jẹjẹrẹ” kì í rántí mọ́ pé òun tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí a yí ọjọ́ orí láti 64 sí 79 láti wò ó, tí a kò sì yí ohunkóhun mìíràn padà, iye àwọn tí ikú mìíràn ń pa ga sókè, èrè tó wà nínú ìtọ́jú sì fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé gbogbo wàhálà yẹn ni mo fẹ́ torí èyí kó sọ́rùn?” Wọn kò tíì yàn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ ni wọ́n ti ń béèrè. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọkùnrin 145 dán irinṣẹ́ náà wò ní Britain, àwọn tó lò ó kò ṣiyèméjì lórí ìpinnu wọn tó àwọn tí kò lò ó.

Ibi tí mo bá a wíjọ́ ni ti àwọ̀ ara. Àkọsílẹ̀ ọkùnrin 10,089 ní ìlà-oòrùn England, tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn láàárín ọdún 2000 sí 2010, ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì fi ti ọkùnrin 2,546 ní Singapore yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ibi tó ti béèrè bóyá ènìyàn dúdú ni ọ́. Bẹ́ẹ̀, ní Britain, ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni jẹjẹrẹ yìí yóò mú nígbà ayé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni láàárín àwọn òyìnbó. Ẹ̀rù tí iye yìí ń dá sílẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa rò pé gbogbo èsì tí irinṣẹ́ náà bá mú wá, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú méjìlá ni àrùn náà ń pa nínú àwọn ọkùnrin dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélógún ni nínú àwọn òyìnbó. Bí a bá fi ìyẹn wé iye àwọn tó mú, ìdá kan nínú mẹ́ta náà ni ó já sí níhà méjèèjì. Àrùn náà ń mú wa jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti mú ènìyàn tán, iye yìí kò fi hàn pé ó ń yára pa wá jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, ó yẹ kí irinṣẹ́ náà sọ ọ́ gbangba fún ẹni tó ń lò ó pé àwọn tí wọ́n kà kì í sábà jẹ́ irú wa.

ProtecT, ìwádìí ńlá kan ní Britain tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní àléébù kan náà, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òyìnbó nìkan ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí èyí tó tún dára tó o. Ọkùnrin 1,643 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú onítànṣán àti ìṣọ́, nígbà tí èsì ọdún márùndínlógún sì jáde ní 2023, nǹkan bíi 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ náà kò pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n bá wọn gbà. Àwọn tí àrùn náà tàn ká ara wọn ni iye wọn yàtọ̀: 9.4 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, 4.7 láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, àti 5 láàárín àwọn onítànṣán. Ẹ má fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn, nítorí pé bí jẹjẹrẹ tó ti tàn ká kò bá tíì pa ènìyàn pàápàá, ìtọ́jú rẹ̀ kò rọrùn.

Ohun tí ìtọ́jú ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn náà wà nínú ìwádìí yẹn, ó sì yẹ kí a kà á mọ́ èsì irinṣẹ́ wa yìí. Ní oṣù mẹ́fà, 46 nínú 100 àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ló ń lo páádì nítorí ìtọ̀ tó ń já. Ní ọdún kẹfà, ó kù sí 17, nígbà tó jẹ́ 8 láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ àti 4 láàárín àwọn onítànṣán. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, 67 nínú 100 ni nǹkan ọkùnrin wọn ṣì ń le tó láti bá obìnrin lò. Ní oṣù kẹfà, 12 péré ló kù nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 22 nínú àwọn onítànṣán, àti 52 nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ọjọ́ orí náà ń gba tirẹ̀ ṣá o, nítorí pé ní ọdún kẹfà, àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ pàápàá ti wálẹ̀ sí 30. Ìtọ́jú onítànṣán ní tirẹ̀ máa ń da inú rú, ẹ̀jẹ̀ sì lè bá ìgbẹ́ jáde. Predict Prostate ní abala kan lórí àwọn àtubọ̀tán wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò lè wọn ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fún ẹni tó ń kà á. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n jókòó tì wá, ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù níbẹ̀, pé àwọn kò bímọ mọ́, kí ọkọ àwọn má fi ti àwọn ṣe ìpinnu.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ àgbà wa dúró lórí ìṣọ́ kò sí nínú ìṣirò kankan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ kò sùn. Ìlànà NICE sọ pé ní ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n máa yẹ PSA wò ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra, kí wọ́n fọwọ́ yẹ próstéètì wò ní oṣù kejìlá, kí wọ́n sì ya àwòrán MRI láàárín oṣù kejìlá sí ìkejìdínlógún. Láti ọdún kejì lọ, PSA á di oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nínú ProtecT, nǹkan bíi 61 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ló gba ìtọ́jú kí ọdún márùndínlógún tó pé. Ẹni tó bá yan ìṣọ́ kò ti ilẹ̀kùn ìtọ́jú mọ́ ara rẹ̀, ó kàn sún un síwájú ni. Mo fẹ́ kí irinṣẹ́ náà ṣàlàyé èyí ju bó ṣe ṣe é lọ.

Àléébù tó kù kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ó kó iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú onítànṣán pọ̀ sí ẹyọ kan tó pè ní ìtọ́jú, nítorí náà ẹni tó ti pinnu láti gba ìtọ́jú, tó wá ń wá èyí tí yóò mú nínú méjèèjì, kò ní rí ìdáhùn níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, a sì ní láti máa túmọ̀ fún àgbàlagbà. Kò wúlò fún ẹni tí àrùn rẹ̀ ti tàn ká, èyí tó mú kí ó ṣòro láti júwe rẹ̀ fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í ti í dé ọ̀dọ̀ dókítà kó tó pẹ́ jù. Fún ọmọ Yorùbá tó wà ní Britain, tí lẹ́tà rẹ̀ kọ Grade Group 1 tàbí 2, tí PSA rẹ̀ kò sì ju 20 lọ, mo júwe rẹ̀ láì ṣiyèméjì, bí ó bá lè tẹ èsì náà sórí bébà kó sì gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì rẹ̀. Kó tún bi í ní gbangba pé, “Kí lẹ mọ̀ nípa àwọn ènìyàn dúdú tí irinṣẹ́ yìí kò kà?”