Madame Moitessier: ẹ̀dà tí mo rà àti ojúlówó tí mo lọ wò ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ oníléèsì ni mí. Ṣọ́ọ̀bù màámi ní Gbági, n'Íbàdàn, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa aṣọ wò kí wọ́n tó ná an. Madame Moitessier ni obìnrin inú àwòrán tí Ingres, ayàwòrán ará Faransé, fi ọ̀dà yà. Ẹ̀dà rẹ̀ tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí mi nínú nítorí aṣọ ọrùn obìnrin náà: òdòdó ara rẹ̀ ṣú, léèsì àyà rẹ̀ sì dà bí ìda tó yọ́. Ni mo bá gba National Gallery lọ, ilé àwòrán tí ojúlówó wà, ní Trafalgar Square. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ohun tí ẹ̀dà yẹn sọ fún mi! Ṣílíkì funfun ni aṣọ náà, ìdì òdòdó kún ara rẹ̀, ó fẹ̀ rẹ̀rẹ̀ lórí àga tìmùtìmù pupa. Mo sún mọ́ ọn títí dé ibi tí wọ́n gbà mí láyè dé, n kò rí ojú ipa búrọ́ọ̀ṣì kankan. Nígbà tí mo kà á pé oníṣòwò léèsì ni ọkọ rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu rárá.

Ọdún 1844 ni Ingres bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. 1856 ló parí rẹ̀. Ìyàwó Ingres kú ní 1849, ó sì pa iṣẹ́ tì fún oṣù púpọ̀. Catherine, ọmọ ìyáàfin náà, yẹ kó wà nínú àwòrán yìí. Ingres yọ ọ́ kúrò. Ó kọ ọjọ́ orí ara rẹ̀, 76, sára àwòrán náà nígbà tó parí.

Ohun tí n kò gbà ni ọwọ́ ọ̀tún tó fi ti ẹ̀bátí. Ara àwòrán ògiri ní Herculaneum, ìlú àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, ni Ingres ti rí irú ìjókòó yẹn, àmọ́ ìka náà rọ̀ jù, àfi bíi pé kò ní eegun. Ẹ wo dígí ẹ̀yìn rẹ̀ náà: ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ló hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bó ṣe kọjú sí wa yìí, ìpàkọ́ rẹ̀ ló yẹ ká rí. Èyí ò dùn mí ní tèmi. Mo dúró tì í fún bíi wákàtí kan, ojú méjèèjì ń pè mí.

Mo fi fóònù pe màámi kí wọ́n lè rí i. Wọn ò bèèrè orúkọ ìyáàfin náà. Wọ́n ní kí n rọra gbé fóònù sún mọ́ ọrùn aṣọ, níbi tí léèsì ti pàdé ríbọ́ọ̀nù, kí n má sì mì.