Igbó Ọ̀ṣun, Òṣogbo: ẹ tètè lọ láàárọ̀

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ládùúgbò kan ní Òṣogbo, ni wọ́n bí mi sí. Àgbo tí ìyá ìyá mi fi omi odò yẹn sè ni mo mu dàgbà. Èkó ni wọ́n bí ọmọ mi sí ní tirẹ̀, ó ti pé ọdún 9 kò tíì débẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un lọ lóṣù tó kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ. Àwa àti àwọn ọ̀bọ la kọ́kọ́ gba inú igbó. Tí ẹ bá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ẹ fi pamọ́ o, wọ́n ń já a gbà. Ọmọkùnrin tó mú wa rìn yíká mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó sọ bí Olútìmẹ́hìn àti Lárọ̀óyè, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, ṣe gé igi tó wó sódò, tí ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọmọ mi ní, "Ta ló wá san owó ìkòkò?" Ọmọkùnrin náà ní ọdọọdún ni ìlú ń san án, níbi ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, bá ru igbá.

Ẹ dúró pẹ́ níbi ère Ìyá Moòpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin. Susanne Wenger ará Austria, tí wọ́n ń pè ní Adùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo bí Adébísí Àkànjí ló fi símẹ́ńtì mọ àwọn ère wọ̀nyí. Ká ní wọn ò jà fún igbó yìí ni, ilé ì bá ti kún ibẹ̀ ṣáájú kí UNESCO tó kà á mọ́ ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2005.

Ojúbọ létí odò ló dùn mí. Omi ti pọ́n bí amọ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Obìnrin aláṣọ funfun kan kúnlẹ̀, ó ń tọrọ ọmọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n yí i ká, wọ́n na fóònù sí i lójú, wọ́n ju ọ̀rá píọ̀wọ́tà sílẹ̀, wọ́n lọ. Obìnrin náà fi ìborùn bo ojú. Ẹ̀yin àlejò, mo bẹ̀ yín, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yàwòrán ẹni tó ń gbàdúrà.

Ọmọ mi ló ṣa àwọn ọ̀rá náà. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀, àtẹ̀gùn tó lọ sódò ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀.