Kálípà ẹ̀yìn Golf 4 tòkunbọ̀: ohun tó yẹ ní títú àti ohun tó yẹ ní fífi sílẹ̀

Nínú gbogbo ẹrù bíréèkì tó wà lẹ́yìn Golf 4 tí wọ́n ti pa tì, kálípà méjèèjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi páàdì fún dísìkì mú, àti bírákẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn dúró nìkan ló tó ohun tí èèyàn ń náwó lé. Dísìkì, páàdì, họ́ọ̀sì rọ́bà àti wáyà hándíbíréèkì tó wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ti àwọn tó ń ra irin ní kílò ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ládípọ̀ ní Mùṣín, Owódé Onírin, tàbí Árárọ̀mí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, odidi sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń gbé síwájú yín, owó gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì máa pè. Ẹ ní kí wọ́n yọ èyí tí ẹ kò fẹ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Oríṣi oníbàárà méjì ló ń wá kálípà yìí. Èkíní ni ẹni tó ní Golf 4 tí kálípà tirẹ̀ ti gán. Èkejì ni ẹni tó ń wa Golf 3 tó ní dísìkì lẹ́yìn, GTI tàbí VR6, tí hándíbíréèkì rẹ̀ kì í tú mọ́ bí wọ́n bá ti fà á. Irin dúdú ni wọ́n fi ṣe kálípà ẹ̀yìn Golf 3. Ọ̀pá tí lífà hándíbíréèkì, irin kékeré tí wáyà ń fà lára kálípà, dúró lé máa ń dípẹtà nínú ihò rẹ̀, bó bá sì ti gán, páàdì á máa ha dísìkì láti Ìbàdàn títí dé Èkó. Alumíníọ̀mù ni ti Golf 4. Ó fúyẹ́, sípíríǹgì tó ń dá lífà padà wà ní ìta níbi tí ojú ti lè rí i, ó sì ń dá a padà tagbára-tagbára. Orí bírákẹ́ẹ̀tì Golf 3 gan-an ló máa jókòó sí, ẹ kò ní fi fáìlì ha ohunkóhun. Irú kan náà ló wà lẹ́yìn Bora, New Beetle, Audi A3 àti Seat Leon ìgbà náà, títí kan Skoda Octavia tó bá ní dísìkì lẹ́yìn. Ẹ yẹ Octavia wò dáadáa, torí drọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ara ọkọ̀ tí wọn kò tíì tú ni kí ẹ ti rà á bí ó bá ṣeé ṣe. Èyí tó wà lórí tábìlì ti jẹ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti fi pẹtiróòlù wẹ̀ ẹ́, ó ń dán, ẹ kò sì ní mọ ohun tó pa á. Èyí tó wà lára ọkọ̀ kò lè purọ́. Ẹ wo páàdì rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà. Bí páàdì inú bá ti jẹ tán tí ti ìta ṣì nípọn, àwọn pín-ìnì tí kálípà fi ń rìn ló gán, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe. Bí ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bá ti tán pátápátá tí ti òsì ṣì dára, lífà ọ̀tún ni kò padà mọ́. Bí dísìkì bá ti ní àwọ̀ aró, bí irin tó jáde látinú iná alágbẹ̀dẹ, ooru ti pa rọ́bà inú kálípà náà. Ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan lífà, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ rírà yìí ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fa hándíbíréèkì sókè nínú ọkọ̀, kí ó sì tú u sílẹ̀. Lífà ara kálípà gbọ́dọ̀ padà wá lu irin tó dá a dúró, kí ẹ gbọ́ ọ, kọ́! Bí ó bá ń fà padà jẹ́jẹ́, tàbí tó dúró sí agbedeméjì, ẹ yọ orí wáyà kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá fi sípánà tẹ lífà náà síwájú kí ẹ tú u sílẹ̀. Tó bá padà dáadáa báyìí, wáyà ló gán, kálípà dára. Tí kò bá padà, ìpẹtà ti wọ ọ̀pá inú rẹ̀, owókówòó tí wọ́n bá sì bù kúrò fún yín, ẹ ò jèrè. Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ yìí ti wá, púpọ̀ nínú wọn sì gba Kútọnu wọlé. Lásìkò òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ló ń gba abẹ́ rọ́bà kékeré tó bo ìdí lífà wọlé. Bí rọ́bà náà bá ti ya, kódà kí lífà ṣì máa padà, ẹ ná an bí ohun tí ẹ ṣì máa tú palẹ̀ láti tún ṣe.

Ẹ wo bí ọkọ̀ náà ṣe dúró kí ẹ tó tẹrí ba wọ abẹ́ rẹ̀. Òkúta tàbí jáàkì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lé. Ẹ ti rìímù méjì sábẹ́ bọ́dì ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ kò pọ̀: álénkíì 8 tó jẹ́ orí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ gígùn, sípánà 11, 13 àti 15, pláyà, òòlù kékeré, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ìṣó kan.

Ẹ tú hándíbíréèkì sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi pláyà yọ orí wáyà kúrò lẹ́nu lífà. Ẹ má gé wáyà bí ó bá ṣì le, torí lífà tí wáyà fà tì lè fò lu ọwọ́ yín. Bólùtì álénkíì 8 méjì tó di bírákẹ́ẹ̀tì mú ló kàn. Láti ilé iṣẹ́, Nm 65 (Nm ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bólùtì) ni wọ́n fi dì í, ìpẹtà sì ti fi tirẹ̀ kún un. Ìdọ̀tí máa ń kún inú ihò orí rẹ̀. Ẹ fi ìṣó wú u jáde, kí ẹ fi òòlù gbá orí álénkíì wọlé títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ tó fà á. Ohun tó ń ba bólùtì yìí jẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń ki álénkíì bọ ìdọ̀tí náà. Ìdajì rẹ̀ ló máa wọlé, orí bólùtì á sì yí róbótó. Bólùtì yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tú ṣáájú họ́ọ̀sì. Tí ó bá kọ̀, ẹ kò tíì da ọ́ìlì bíréèkì sílẹ̀, ẹ lè bọ́ sídìí ọkọ̀ mìíràn.

Bí méjèèjì bá ti gbà, ẹ fi sípánà 11 yẹ nípù tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde wò, ìyẹn níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ fi òòlù kan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó yí i. Nípù tó bá kán sínú alumíníọ̀mù máa ń fa wàhálà tó ju owó kálípà lọ, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó kán kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti họ́ọ̀sì, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò ní lò ó, ẹ gé e ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sí kálípà, kí ẹ ká ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi wáyà dì í. Erùpẹ̀ kò ní wọlé títí tí ẹ fi máa délé. Bólùtì oníhò tó mú họ́ọ̀sì mọ́ kálípà ń bẹ níbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Odindi ni kí ẹ gbé kálípà àti bírákẹ́ẹ̀tì kúrò, ìtúpalẹ̀ di ilé.

Tó bá jẹ́ orí tábìlì lẹ ti ń rà á, ẹ rí i pé ọ̀tún kan, òsì kan ni wọ́n fún yín. Nípù gbọ́dọ̀ wà lókè bí kálípà bá ti jókòó sáyè rẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, apá òdìkejì ni, ẹ lè fa afẹ́fẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bíréèkì ò ní le. Pístìnì, ìyẹn irin róbótó inú kálípà tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, mílímítà 38 ni fífẹ̀ rẹ̀ lára èyí tó wọ́pọ̀. Ẹ wọn méjèèjì kí wọ́n bára mu, torí ẹ̀gbẹ́ tó bá tóbi jù ni ọkọ̀ á máa fà sí.

Ní ti àwọn tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀: mílímítà 9 ni dísìkì ẹ̀yìn Golf 4 tó wọ́pọ̀ nígbà tó bá tuntun, ó ti tán bó bá di 7. Mílímítà méjì péré yìí ni gbogbo ayé rẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì ti dúró sójú òjò, ìpẹtà ti jẹ lára rẹ̀. Èyí tó ń dun èèyàn jù ni ti onígolf 3 tó ra dísìkì Golf 4 mọ́ kálípà. Ihò táyà márùn-ún ló wà lára ti Golf 4, dísìkì lásán ni, orí họ́ọ̀bù ló ń wọ̀ sí. Ti Golf 3 ní béárìnì nínú ara rẹ̀, ihò mẹ́rin ló sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àfi ti VR6 àti àwọn GTI kan. Wọn kò lè ṣe pààrọ̀ ara wọn. Dísìkì Golf 3 yín ni kí ó dúró síbẹ̀, bí ó bá ṣì nípọn ju mílímítà 8 lọ. Páàdì àtijọ́ kì í ṣe ohun à ń rà. Sẹ́nsọ̀ ABS sábà máa ń kán sínú ihò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́.

Nílé, ẹ má fi pẹtiróòlù wẹ̀ ẹ́. Pẹtiróòlù àti gíríìsì ẹ́ńjìnnì máa ń mú rọ́bà wú, rọ́bà tó bá wú a sì di pístìnì mú bíi pé ó ti gán. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun tàbí sípíríìtì ni kí ẹ fi fọ inú. Ẹ fi sípánà 15 tẹ́ẹ́rẹ́ di pín-ìnì mú, kí ẹ fi 13 tú bólùtì rẹ̀. Fífà ni kí ẹ fa pín-ìnì jáde. Ẹ nù ún, kí ẹ fi gíríìsì sílíkọ̀nì ra á. Ẹ ra rọ́bà pístìnì àti rọ́bà ìbòrí eruku tuntun fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pístìnì yìí kì í gba títì. Yíyí ni wọ́n ń yí i wọlé, sí apá ọ̀tún bí ọwọ́ aago, ní kálípà méjèèjì, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń yí i. Ẹni tó bá fi kílàm̀pù fún un wọlé ti fọ́ ẹ̀rọ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú rẹ̀. Ohun tó ń pa kálípà tó dára jù lọ́wọ́ mẹkáníìkì nìyẹn, ẹni tó tà á ni wọ́n sì máa ń padà lọ bá jà.

Lára Golf 4, họ́ọ̀sì tuntun méjì, wọ́ṣà kọ́pà mẹ́rin, páàdì tuntun àti bólùtì 13 tuntun mẹ́rin tó sábà máa ń bá páàdì wá nínú páálí, ó tán. Nm 35 ni bólùtì 13, Nm 65 ni ti bírákẹ́ẹ̀tì. Lára Golf 3, ẹnu ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọlé yàtọ̀: páìpù kékeré ló ń wọ kálípà Golf 3, bólùtì oníhò àti wọ́ṣà ni ti Golf 4. Ẹ má ṣe fipá ki páìpù náà bọ̀ ọ́. Họ́ọ̀sì tí orí kan rẹ̀ gba páìpù Golf 3, tí orí kejì sì jẹ́ olójú bólùtì oníhò, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láti rí i pé kò fara kan táyà.

Ẹ rọ ọ́ìlì DOT 4 kún kálípà kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀, kí ẹ gbé e dúró kí nípù wà lókè, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Kálípà gbígbẹ tí wọ́n dè bẹ́ẹ̀ máa ń di afẹ́fẹ́ mú sẹ́yìn pístìnì, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó sì fa afẹ́fẹ́ kí pẹ́dà tó le. Bí pẹ́dà bá ti le, ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra kí pístìnì fi ara rẹ̀ sáyè, ìgbà yẹn lẹ tó lè kan wáyà hándíbíréèkì. Ẹ fún nọ́ọ̀tì wáyà títí lífà fi máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára irin ìdádúró, kí àyè àárín wọn má ju mílímítà kan àbọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fún un jù nítorí pé oníbàárà fẹ́ kí hándíbíréèkì mú ní kété tó bá fà á. Lífà tí kò bá lè padà dé ìdí kò ní jẹ́ kí kálípà tún ara rẹ̀ ṣe bí páàdì ti ń jẹ, pẹ́dà á wá máa wọlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní Golf 3 oní-drọ́ọ̀mù, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di oní-dísìkì. Kálípà méjì kò tó. Ìdí táyà méjèèjì tí bólùtì mẹ́rin-mẹ́rin dì mọ́ ásù ẹ̀yìn, bírákẹ́ẹ̀tì, wáyà hándíbíréèkì àti fáfù tó ń pín agbára bíréèkì fún ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá láti ara Golf 3 oní-dísìkì, Golf 4 kò lè fún yín ní ìyẹn. Fáfù ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, ẹ̀yìn ọkọ̀ a sì máa gán ṣáájú iwájú lójú òjò. Fún ọkọ̀ takisí tàbí ti ilé, kò yẹ kí ẹ dáwọ́ lé e: iwájú ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, drọ́ọ̀mù tó ní ṣúù tuntun tí sílíńdà rẹ̀ kò jò sì ń dá Golf 3 dúró dáadáa.

Lẹ́yìn tí ẹ bá de gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá láìfa hándíbíréèkì, kí ẹ dúró, kí ẹ nawọ́ sún mọ́ rìímù ẹ̀yìn méjèèjì láìfọwọ́ kan dísìkì. Ooru wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ fa hándíbíréèkì sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tú u, kí ẹ tún rin kìlómítà mẹ́wàá mìíràn. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbóná ju èkejì lọ lẹ́ẹ̀kejì yìí, lífà ẹ̀gbẹ́ náà ni kí ẹ padà lọ wò.